Òru márùn-ún ní Amsterdam nínú òtútù January: mo fẹ́ mú màmá wa lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àṣàkẹ́ Pákátà

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ará ilé, as-salaam alaykum. Ẹni tó bá ti dé Amsterdam rí nígbà òtútù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn. Bàbá wa, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, iṣẹ́ omi ẹ̀rọ ni wọ́n ṣe níbí ní Ìlọrin títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọ́n rán wọn lọ kọ́ ìmọ̀ kún ìmọ̀ ní Holland ní 1983, nǹkan bí oṣù mẹ́wàá ni wọ́n lò. Títí wọ́n fi lọ, tí òjò bá ti rọ̀ tí gọ́tà kún tó bo ọ̀nà, wọ́n á ní "Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ń bá omi sọ̀rọ̀ ní Holland tí omi ń gbọ́". Fọ́tò kan wà ní pálọ̀ wa tí wọ́n yà lórí afárá, wọ́n wọ kóòtù gígùn, kànáàlì wà lẹ́yìn wọn, àwọn ilé tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tò sétí omi, ṣọ́ọ̀ṣì gíga kan náà wà níbẹ̀ tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màmá máa ń sọ pé ẹni tó ya fọ́tò yẹn ò mọ kámẹ́rà dì mú.

Màmá ti pé 68 báyìí. Wọ́n ní káwọn tó lọ bá bàbá, ojú àwọn fẹ́ rí omi tí ọkọ àwọn ń ròyìn. Mo ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, owó ti fẹ́ pé. Ìsinmi tí mo lè gbà níbi iṣẹ́ ò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, January ló sì bọ́ sí, mi ò fẹ́ kí ààwẹ̀ bá wa lọ́hùn-ún. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé orúnkún ń dun màmá, wọn ò lè gun àtẹ̀gùn púpọ̀, ọyẹ́ lásán wọ́n á ti da òfì bora. Ṣé kí n máa bá a lọ àbí kí n sún un síwájú? Físà ńkọ́, ibo la máa sùn, kí ni màmá máa wọ̀, kí la sì lè rí láàárín ìwọ̀nba ọjọ́ yẹn?

Bàbá Lékan Tankẹ́

Wa alaykum salaam. Ẹ kú ìtọ́jú màmá, Ọlọ́run á jẹ́ káwọn ọmọ yín náà ṣe é fún yín. Ẹ jẹ́ ká fi òtútù sílẹ̀ ná, físà lẹ máa kọ́kọ́ bá wọ̀jà. Físà Schengen ni, ìyẹn físà kan tó wúlò fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, €90 fún àgbàlagbà kan láti June 2024, wọn kì í dá a padà tí wọn ò bá fún yín. Ohun tí òfin wọn sọ ni pé ẹ lè gbé fọ́ọ̀mù lọ láti bí ó bá ku oṣù mẹ́fà, ó pẹ́ tán kó ku ọjọ́ 15, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró di ọjọ́ 15 ti pàdánù torí ọjọ́ tí wọ́n máa dá fún yín láti wá gan-an ló ń ṣòro rí, èmi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọjọ́ ní August nígbà tí mo fẹ́ lọ lópin ọdún, ojoojúmọ́ ni mò ń ṣí íntánẹ́ẹ̀tì wò láàárọ̀ kùtù, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí n tó rí àyè kan ṣoṣo. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa lọ fúnra yín, Èkó tàbí Àbújá, torí wọ́n máa tẹ ìka, àfi ẹni tí wọ́n bá ti tẹ ìka ẹ̀ fún físà Schengen láàárín oṣù 59 sẹ́yìn.

Ibi tí ti àwọn ìyá wa ti máa ń bàjẹ́ ni pé wọn ò ní lẹ́tà ibi iṣẹ́. Ṣé màmá ń tajà? Tí wọ́n bá ń tajà ẹ gba lẹ́tà ẹgbẹ́ ọjà, ẹ fi ìwé CAC sí i tó bá wà, ẹ fi ìwé ilé sí i, gbogbo ohun tó máa fi hàn pé wọ́n ní ohun tí wọ́n ń padà wá bá nílé. Ẹ̀yin ẹ kọ lẹ́tà pé ẹ̀yin lẹ máa náwó, kẹ́ ẹ so ìwé ọjọ́ ìbí yín tí orúkọ màmá wà lára ẹ̀ mọ́ ọn. Owó inú báńkì, ẹ jẹ́ kó ti pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó lọ yá owó ńlá tó dà á sínú àkáǹtì lọ́sẹ̀ tó fẹ́ gbé fọ́ọ̀mù lọ, ojú lásán ni wọ́n á fi rí i. Ìńṣọ́ránsì ìrìn àjò pọn dandan, ti ìtọ́jú àìsàn inú ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dín ní €30,000. Pásípọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù mẹ́ta nílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tẹ́ ẹ máa kúrò lọ́hùn-ún, kí ojú ewé méjì ó kéré tán ṣófo. Ẹ mú hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n á gbà kẹ́ ẹ fagi lé láìsanwó. Ẹ má sì sanwó báálù pátápátá kí físà tó jáde.

Ìyá Ìbejì Ọmú-Àrán

Àṣàkẹ́ má sún un síwájú o. Ìyá ọkọ mi ni mo mú lọ ní December ọdún kan, ẹni 71, wọ́n ṣì ń sọ ọ́ dòní. Ṣùgbọ́n mo ṣe àṣìṣe kan tí mi ò fẹ́ kó o ṣe. Hòtẹ́ẹ̀lì etí kànáàlì ni mo gbà, ó rẹwà nínú fọ́tò, owó ẹ̀ náà ò pọ̀, àṣé kò sí líìfùtì. Àtẹ̀gùn ẹ̀ dúró ṣánṣán bí àkàbà tá a fi ń gun àjà, ó tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ ò gba orí ẹ̀ tán, òkè kẹta ni wọ́n fún wa. Màmá jókòó sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kejì, wọ́n ń sunkún. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an la kó jáde lọ wá ibòmíì, owó tí mo san ò padà. Bí wọ́n ṣe kọ́ ilé ayé ijọ́un ibẹ̀ nìyẹn, ilẹ̀ etí omi wọ́n, ilé ò lè fẹ̀ ni wọ́n bá fà á sókè, kódà ẹrù ilé ò ṣeé gbé gba àtẹ̀gùn, o máa rí ìkọ́ irin lórí àjà gbogbo ilé tí wọ́n fi ń fa bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù gba ojú fèrèsé wọlé. Nítorí náà kó o tó sanwó, bi wọ́n, ṣé líìfùtì wà, ṣé ó dé òkè tá a máa sùn, àbí àtẹ̀gùn díẹ̀ ṣì kù lẹ́yìn líìfùtì. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ.

Òtútù ńkọ́, òtútù ibẹ̀ ò jọ ọyẹ́. Ọyẹ́ tiwa gbẹ, tiwọn lọ́rinrin, atẹ́gùn orí omi á wá ibi ọrùn àti ọrùn ọwọ́ gbà wọlé. Láàárọ̀ January ó lè wà ní 1 tàbí 2, kó gùn dé 5 tàbí 6 lọ́sàn-án. Òjò wẹ́wẹ́ lẹ máa rí ju yìnyín lọ. Kì í ṣe aṣọ kan tó nípọn bí mátírẹ́ẹ̀sì ló ń gba èèyàn, aṣọ tó wà lórí ara wọn ni: àwọ̀tẹ́lẹ̀ gígùn tó lẹ̀ mọ́ra láti ọrùn dé kókósẹ̀, súwẹ́tà olówùú, lẹ́yìn náà jákẹ́ẹ̀tì tí omi ò lè wọ̀ tó sì bo ìdí. Màmá lè ró ìró wọn lórí lẹ́gínsì méjì, kò sí wàhálà, kí wọ́n ká etí ìró sókè díẹ̀ kó má baà máa fa omi nílẹ̀. Híjáàbù yẹn gan-an á ṣe wọ́n lóore torí etí ló ń kọ́kọ́ dùn, ẹ fi fìlà òwú sábẹ́ ẹ̀. Ẹ má gbé agboòrùn lọ, atẹ́gùn á yí i sódì kẹ́ ẹ tó kọjá afárá àkọ́kọ́.

Bàtà ni kó o náwó lé. Kó fi nọ́ńbà kan tóbi ju ti màmá lọ kó lè gba ìbọ̀sẹ̀ méjì, kí ìsàlẹ̀ ẹ̀ jẹ́ rọ́bà tó ní ila torí òkúta ojú títì wọn ń yọ̀. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ nílé láti oṣù kan ṣáájú. Aṣọ òtútù, òkìrìkà Ìlọrin níbí kún fún un, jákẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ jákẹ́ẹ̀tì lo máa rí tó ò bá kánjú. Kó o sì gbé òrí dání, òrí gidi, ẹ fi pa ètè, ẹ̀yìn ọwọ́ àti gìgísẹ̀ lálẹ́ àti láàárọ̀. Kò sí ìpara òyìnbó tó ṣe é tó o.

Ọmọ Ọ̀ffà Bijlmer

Ẹ̀gbọ́n Àṣàkẹ́, ẹ káàbọ̀ sílé mi. Ọdún kọkànlá mi rèé ní Amsterdam, ọ̀nà Zuidoost tí gbogbo wa ń pè ní Bijlmer. Ìyá Ìbejì ti sọ̀rọ̀ tán lórí aṣọ, àmọ́ mi ò fara mọ́ pé kẹ́ ẹ ra gbogbo ẹ̀ nílé. Ẹ ra bàtà àti jákẹ́ẹ̀tì nílé, àwọ̀tẹ́lẹ̀ gígùn àti ìbọ̀wọ́ ẹ rà á níbí, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń pè ní HEMA, wọ́n ṣe é fún òtútù ibí yìí gan-an.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù tí kò tíì sẹ́ni tó sọ ọ́ ni ìmọ́lẹ̀. Ní àárín January oòrùn ò ní yọ títí di nǹkan bí 8:40, kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ó ti wọ̀. Wákàtí mẹ́jọ pẹ̀lú ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ ní lójúmọ́. Àwọn èèyàn á kọ ibi mẹ́fà sílẹ̀ pé àwọn fẹ́ rí lọ́jọ́ kan, tó bá di aago mẹ́rin àárẹ̀ á ti mú wọn, ilẹ̀ náà ń ṣú, wọ́n á máa bínú síra wọn lójú títì. Tèmi ni pé ohun kan fún ọ̀sán, ohun kan fún alẹ́, ó tán. Ọ̀sán fún ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fojú rí níta, ìyẹn kànáàlì àti afárá, tó bá ti fẹ́ ṣú kẹ́ ẹ wọ ibi tó móoru. Aago wọn àti tiwa dọ́gba nígbà òtútù, ìyẹn nìkan ò ní yọ màmá lẹ́nu.

Ibi tí màmá máa fẹ́ràn: Rijksmuseum, mùsíọ́ọ̀mù ńlá ibí, ó ń ṣí lójoojúmọ́ 9 sí 5, líìfùtì wà, wọ́n sì ń yá èèyàn ní kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn níbẹ̀. Àwòrán ńlá tí Rembrandt yà ní 1642 wà níbẹ̀, àwòṣe àwọn ọkọ̀ ojú omi ayé àtijọ́ náà wà. Ilé Anne Frank, ọmọbìnrin Júù tó sá pamọ́ síbẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, mo mọ̀ pé gbogbo èèyàn ló ń lọ, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn inú ẹ̀ ga, tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sì jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan, ọjọ́ Tuesday ni wọ́n máa ń gbé ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà síwájú jáde. Tí orúnkún bá ń dun màmá ẹ fò ó. Ọkọ̀ ojú omi inú kànáàlì, ẹ má fò ó. Nígbà òtútù wọ́n máa ń fi gíláàsì bò ó, hítà ń ṣiṣẹ́ nínú, bíi wákàtí kan. Màmá á jókòó, ìlú á máa kọjá lójú wọn. Ẹ wọ èyí tó ń gbéra ní aago mẹ́rin, ẹ máa rí ọ̀sán ẹ máa rí alẹ́ nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Tẹ́ ẹ bá dé kí January tó dé ìdajì, àwọn iṣẹ́ ọnà iná tí wọ́n ń tò sórí omi fún Amsterdam Light Festival ṣì máa wà níbẹ̀.

Àwọn mẹ́ta tó lókìkí nínú kànáàlì yẹn, Herengracht, Keizersgracht àti Prinsengracht, ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ o, 1613 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ bí ẹrọ̀fọ̀, igi ni wọ́n gbá wọlẹ̀ kí wọ́n tó lè kọ́lé lé e, ààfin ọba tó wà ní gbàgede Dam láàárín ìlú nìkan, igi 13,659 ló dúró lé. Ẹ sọ fún màmá pé pápá báálù Schiphol tẹ́ ẹ máa balẹ̀ sí gan-an, ìsàlẹ̀ adágún ńlá ni tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ onítáàmù ni wọ́n fi fa omi ẹ̀ gbẹ, ọdún mẹ́ta ló gbà wọ́n kó tó gbẹ tán ní 1852. Dájúdájú bàbá ti sọ ìyẹn fún wọn rí.

Hòtẹ́ẹ̀lì àárín ìlú wọ́n. Owó orí àlejò Amsterdam jẹ́ 12.5% lórí owó yàrá, láti January 2026 VAT hòtẹ́ẹ̀lì náà kúrò ní 9% ó di 21%, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti wà nínú iye tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa ní Zuidoost, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì tuntun tó ní líìfùtì wà nítòsí ibùdó Bijlmer ArenA, owó wọn rọjú, mẹ́tírò 54 á gbé yín dé Centraal, ibùdó rélùwéè ńlá àárín ìlú, láìtíì tó ogún ìṣẹ́jú. Àwọn Gánà àti Nàìjíríà pọ̀ níbí, ẹ máa rí iṣu, ẹ máa rí ẹja gbígbẹ, ẹ máa rí ata tó ń ta.

Àfáà Òkèlèlè

Ẹ̀yin ará mi, mo fẹ́ fi ti ìjọsìn kún un. Nígbà òtútù ibẹ̀ àwọn ìrun ọ̀sán sún mọ́ra wọn gan-an. Súbúì dẹ̀ díẹ̀, ẹ lè jí ní aago méje kẹ́ ẹ kí i láìkánjú torí oòrùn ò tíì yọ. Ṣùgbọ́n Súrù á wọlé nígbà tí aago kan bá ń lọ lù, Àsárì ní nǹkan bí aago méjì ààbọ̀, Màgàríbà kí aago márùn-ún tó lù. Ẹni tó bá lọ wo nǹkan láago méjìlá tó padà sí hòtẹ́ẹ̀lì láago márùn-ún, ìrun méjì ti kọjá lórí ẹ̀. Arìnrìn-àjò ni yín, ẹ lè gé onírákà mẹ́rin sí méjì, ẹ sì lè pa Súrù pọ̀ mọ́ Àsárì, ẹ fi ìyẹn ṣètò ọjọ́ yín.

Ti àlùwàlá, kí màmá ṣe é dáadáa láàárọ̀ nínú yàrá níbi tí omi gbígbóná wà, kí wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn lórí mímọ́ yẹn, lẹ́yìn ìyẹn kí wọ́n máa pa ọwọ́ tútù lé e ni, arìnrìn-àjò ní ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú òru ẹ̀. Kò sí ìdí tí àgbàlagbà fi máa bọ́ ẹsẹ̀ sínú omi tútù ní ṣálángá ìgboro. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, tíṣù nìkan lẹ máa bá níbẹ̀, kò sí omi, kẹ́ ẹ fi ike omi kékeré sínú báàgì dípò búùtà. Àwọn tó wà ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin máa ń gba owó, bíi senti 70 sí euro kan. Mọ́ṣáláṣí wà dáadáa, àwọn Túúkì ní ńlá kan ní ìwọ̀ oòrùn ìlú tí wọ́n ń pè ní Westermoskee, ní Zuidoost náà Taibah wà nítòsí ibùdó Kraaiennest. Oúnjẹ hàláálì ò wọ́n, ti àwọn Mòrókò, Túúkì, àti àwọn ará Suriname tó ń ta rótì àti ìrẹsì.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo: ẹ má rí "coffeeshop" kẹ́ ẹ rò pé ibẹ̀ lẹ ti máa mu tíì. Igbó ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ibi tíì àti kọfí ni èyí tí wọ́n kọ "café" tàbí "koffiehuis" sí.

Ìgbómìnà Òró

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Èmi kékeré láàárín yín, ti ọkọ̀ wíwọ̀ ni mo mọ̀. Láti Schiphol, inú pápá báálù níbẹ̀ náà ni ọkọ̀ ojú irin wà nísàlẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí díẹ̀ sí i ẹ ti dé Centraal. Tíráàmù, mẹ́tírò, bọ́ọ̀sì, rélùwéè, gbogbo ẹ̀ ni káàdì báńkì ń ṣí, ẹ fi kàn án tẹ́ ẹ bá ń wọlé, ẹ fi kàn án tẹ́ ẹ bá ń jáde. Káàdì kan náà ni kẹ́ ẹ lò fún méjèèjì, tẹ́ ẹ bá gbàgbé èyí tí wọ́n ń fi jáde wọ́n á gé owó púpọ̀. Ohun tó mú èmi àti ọ̀rẹ́ mi nìyí: ẹnì kan, káàdì kan. Ẹ ò lè fi káàdì yín kàn án lẹ́ẹ̀mejì fún màmá. Kí màmá ní káàdì tiwọn tó lè ná owó òkèèrè, tàbí kẹ́ ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ púpọ̀ ti GVB, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ìgboro Amsterdam, fún wọn, ìyẹn ò sì wúlò fún rélùwéè tó ń lọ sí ìlú mìíì o. Ẹ gba káàdì dọ́là ní báńkì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí ọ̀pọ̀ ìsọ̀ níbẹ̀ ni kì í gba owó lọ́wọ́ mọ́, tí káàdì kan bá kọ̀, ìyà ni.

Ṣájà wa onígi mẹ́ta ò wọ ògiri wọn, onígi méjì róbótó ni tiwọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá títì kọjá, ojú ọ̀nà tó pupa yẹn ti kẹ̀kẹ́ ni, kẹ̀kẹ́ kì í dún bí ọ̀kadà, ẹ wo ọ̀tún ẹ wo òsì kí màmá tó gbẹ́sẹ̀. Ẹ tún bèèrè kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ báálù fún màmá, ọ̀fẹ́ ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ kó tó ku wákàtí 48. Schiphol gùn bí láti Post Office dé Challenge.

Bàbá Lékan Tankẹ́

Ìgbómìnà o ṣeun. Mo fẹ́ fi kún un pé ẹ má gbé wàrà tàbí kìlíshí dání o, ẹran àti ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe láti ọ̀dọ̀ wa, òfin EU ò gbà á wọlé, wọ́n máa gbà á dànù. Gàrí ò ní wàhálà. Ẹ sì lọ sùn Èkó kó tó dọjọ́ báálù, ẹ má gbéra láàárọ̀ ọjọ́ yẹn láti Ìlọrin, ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe rí.

Àṣàkẹ́ Pákátà

Mi ò mọ bí màá ṣe dúpẹ́, mo kà á sókè fún màmá láti òkè délẹ̀, wọ́n ní kí n kí gbogbo yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti gbé fọ́tò bàbá síbí báyìí. Ọmọ Ọ̀ffà, ẹ bá mi wò ó, afárá wo nìyí ní Amsterdam? Màmá fẹ́ dúró síbẹ̀.

Ọmọ Ọ̀ffà Bijlmer

Ẹ̀gbọ́n, ìgbà tí mo ṣí fọ́tò yẹn ara mi ṣe gìrì. Kì í ṣe Amsterdam rárá. Delft ni, ìlú mìíì ní Holland níbí. Ẹni tó ya fọ́tò ò sì ṣi kámẹ́rà dì mú, ṣọ́ọ̀ṣì yẹn gan-an ló fì bẹ́ẹ̀! Oude Kerk ni wọ́n ń pè é, ilé ìṣọ́ ẹ̀ ga tó mítà 75, orí ẹ̀ fi nǹkan bíi mítà méjì yà kúrò lójú ìdí ẹ̀, torí orí kànáàlì tí wọ́n dí ni wọ́n kọ́ ọ lé láyé ijọ́un, ilẹ̀ wá jìn lábẹ́ ẹ̀. Kànáàlì tó wà lẹ́yìn bàbá, Oude Delft ni. Ó sì bá ọ̀rọ̀ mu, Delft ni ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ omi tí àwọn ènìyàn ń ti gbogbo ayé wá kọ́ wà, IHE, láti 1957. Inú Oude Kerk yẹn náà ni wọ́n sin Leeuwenhoek sí, ẹni tó kọ́kọ́ fi awò wo ẹ̀kán omi tó rí àwọn nǹkan abẹ̀mí tíntìntín nínú ẹ̀. Òṣìṣẹ́ omi ò lè gbé ìlú yẹn kó má mọ̀ ọ́n.

Ìyá Ìbejì Ọmú-Àrán

Subhanallah! Ogójì ọdún ni màmá fi ń bá ẹni tó ya fọ́tò jà.

Bàbá Lékan Tankẹ́

Ẹ kúkú sùn ní Delft lálẹ́ méjì, kẹ́ ẹ fi mẹ́ta sí Amsterdam.

Ìyá Ìbejì Ọmú-Àrán

Rárá o Bàbá Lékan, ẹ dárí jì mí. Kíkó ẹrù láti hòtẹ́ẹ̀lì kan sí òmíì pẹ̀lú ìyá 68, ààbọ̀ ọjọ́ ti lọ nínú ọjọ́ márùn-ún. Ojú kan ni kí wọ́n sùn, kí wọ́n lọ Delft láàárọ̀ kí wọ́n bọ̀ lálẹ́.

Ọmọ Ọ̀ffà Bijlmer

Mo wà lẹ́yìn Ìyá Ìbejì. Ọkọ̀ ojú irin tó lọ tààrà wà, bíi wákàtí kan. Ibùdó Delft ti wà lábẹ́ ilẹ̀ láti 2015, líìfùtì ń gbé èèyàn jáde, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni láti ibẹ̀ dé Oude Kerk, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ti màmá lè di ogún. Ẹ má fi ṣe ọjọ́ àkọ́kọ́ torí àárẹ̀ báálù, ẹ má fi ṣe ọjọ́ ìkẹyìn torí ojú ọjọ́. Ẹ fi í sí ọjọ́ kejì, tí òjò bá pa á rẹ́, ọjọ́ kẹta àti ìkẹrin ṣì wà.

Àṣàkẹ́ Pákátà (February)

As-salaam alaykum, a ti dé láyọ̀. Mo jẹ yín ní gbèsè ìròyìn. Físà màmá jáde, tèmi náà jáde, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Báálù òru la wọ̀ láti Èkó, aago mẹ́fà kùtù la balẹ̀, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ gbé màmá láti ẹnu báálù dé ibi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé wò, wọ́n tẹ ìka wa wọ́n ya fọ́tò wa. Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi ni pé aago mẹ́ta ọ̀sán ni hòtẹ́ẹ̀lì máa fúnni ní yàrá. A gbé ẹrù sílẹ̀ níbẹ̀, a jókòó sínú yàrá àbáwọlé wọn, màmá sùn lórí àga. Ẹni tó bá ń mú àgbàlagbà lọ, kó kọ̀wé sí wọn ṣáájú pé kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n tètè wọlé, tó bá gba pé kó san díẹ̀ sí i kó san án.

Ọjọ́ kejì òjò rọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, mùsíọ́ọ̀mù la wà. Ọjọ́ kẹta ojú ọjọ́ mọ́ kedere, ó tutù dé eegun, a lọ Delft. Mo ti ń wo fọ́tò yẹn lójú fóònù, mò ń fi wé afárá kọ̀ọ̀kan, afárá kẹta ni màmá fà mí lápá, wọ́n ní "Dúró. Irin yìí ni." Irin ìfọwọ́lé afárá yẹn ni wọ́n rí, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ lórí. Wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́, wọ́n gbé ọwọ́ lé e. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Omi yẹn ò pariwo, ó dúró jẹ́ẹ́ bíi pé wọ́n da á sínú abọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ojú títì dọ́gba, síbẹ̀ kò kún bo nǹkan kan. Màmá wá ní "Gbogbo ìgbà tó ń sọ ọ́, mo rò pé ó ń fi kún un ni." Wọ́n ṣe àdúà fún bàbá níbẹ̀, mo ṣe àmín. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ kọjá ló ya fọ́tò wa. Ó fẹ́ yí fóònù kí ṣọ́ọ̀ṣì lè dúró ṣánṣán, màmá ju ọwọ́ sí i pé kó fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

Bàtà òtútù màmá wà nílẹ̀, nọ́ńbà 40, ẹ̀ẹ̀mẹfà péré ni wọ́n wọ̀ ọ́ jáde. Jákẹ́ẹ̀tì tó bo ìdí náà wà, àwọ̀tẹ́lẹ̀ gígùn méjì, fìlà òwú, àti ṣájà onígi méjì. Màmá ní ẹni tó bá fẹ́ mú ìyá tiẹ̀ lọ kó má rà á, kó wá gbà á ní Pákátà, kó sì dá a padà fún ẹlòmíì.